Kí Ni Kí N Dì Mú Nínú Balùwẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí Bàbá Oyèkúnlé lá fún yín. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, lẹ́yìn tí ó jẹun tán tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbíyẹmí, ti Ìbàdàn dé, tí ó gbé irin gbọọrọ kan tí a ń dì mú àti ẹní rọ́bà wá fún balùwẹ̀. Bàbá ní òun kò fẹ́.

“Ṣé o rò pé mo ti di arọ ni?”

Ìbíyẹmí gbé ẹrù náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ sílé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, inú balùwẹ̀ yẹn ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Bàbá, ti yọ̀ ṣubú. Egungun ìbàdí rẹ̀ dá, kò sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lójú àlá, Bàbá ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀, ó bá ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lórí omi ìwẹ̀, pẹ̀lú tábìlì àti fáìlì. Kò ya Bàbá lẹ́nu. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó la omi kọjá lọ bá akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀.

Akọ̀wé ní, “Bàbá, ta ló yan táìsì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ balùwẹ̀ yìí?”

Kí Bàbá tó lanu, táìsì fúnra rẹ̀ dáhùn láti ìsàlẹ̀ omi: “Bàbá yìí ni. Ẹni tó ń tà wá sọ fún wọn pé à ń yọ̀. Wọ́n ní dídán wa ló wu àwọn.”

“Òótọ́ ni,” Bàbá wí.

Akọ̀wé fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti di pátákò. Ìwo yọ, irùngbọ̀n hù, ó di òbúkọ pátápátá, fìlà rẹ̀ sì wà lórí síbẹ̀. Omi gbẹ. Òbúkọ bẹ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ̀ lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá,” Bàbá kí i, ó gbé e dìde. Ó tún ṣubú. Bàbá tún gbé e. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, kì í ṣe òbúkọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró ni, tòun ti kànrìnkàn, ọṣẹ lára rẹ̀.

“Bàbá Ìbíyẹmí, mo fẹ́ dìde. Kí ni kí n dì mú?”

Bàbá wo ògiri. Ògiri yíjú sẹ́yìn, ojú ń tì í. Bàbá na ọwọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà di ọṣẹ, ó ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró kò bínú. Ó kàn tún béèrè, bí ẹni ń béèrè ibi tí wọ́n gbé iyọ̀ sí: “Kí ni kí n dì mú?”

Bàbá jí. Irin orí bẹ́ẹ̀dì ni ó dì mú pinpin, gbogbo ìka ń dùn ún. Ó dìde jókòó. Lẹ́yìn náà ó pe Ìbíyẹmí, ó rọ́ àlá náà fún un látòkè délẹ̀, kò yọ ti òbúkọ sílẹ̀.

“Èmi ni mo yan táìsì yẹn,” ó ní. “Bí o bá kan irin mọ́ ògiri, ojoojúmọ́ ni n ó máa rí ohun tí mi ò ṣe fún ìyá rẹ.”

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá mi, èmi ni mo fi ọṣẹ fọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi ṣubú. Mi ò fi omi ṣan án tán. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì tètè gbé e kúrò.

“Láti ọdún mẹ́ta, ìwọ nìkan lò ń gbé èyí sọ́kàn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó tó. Lọ pe bíríkìlà.”

Bíríkìlà dé, ó béèrè ibi tí òun yóò dá ihò sí. Bàbá bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí ìwẹ̀ níwájú bíríkìlà àti Ìbíyẹmí, ó nawọ́ sí ògiri bí ẹni tó fẹ́ dìde.

“Ibí,” ó ní. “Ibi tí ọwọ́ arúgbó máa ń wá nìyí.”