Alùpùpù Tuntun Tí Délé Gùn

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi, mo rí Délé lójú àlá lóru àná, Délé wa tí alùpùpù pa nígbà tí a wà ní yunifásítì. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa ni, ṣùgbọ́n omi dúdú ló wà níbi tó yẹ kí títì wà. Àwọn ọlọ́kadà yí alùpùpù kan ká, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gùn jáde, ọwọ́ rẹ̀ ga bí ìwo màlúù.

"Ṣé eléyìí á lè yí kọ́nà báyìí?" ni ọ̀kan wí.

"Fáàrí ni wọ́n ṣe é fún," èkejì fèsì. "Àbí orí ìwo lo fẹ́ gbé èrò sí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Délé jáde láàárín wọn, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ bó ṣe wà. "Ẹ̀rù ló ń bà yín," ló wí. Ó gùn ún, ó sún síwájú, ó wá yíjú sí mi. "Bàbá arúgbó, ó yá, bọ́ sẹ́yìn mi."

Mo mọ̀ pé òkú ni. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó bá òkú lọ lójú àlá. Síbẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìyàwó mi ló jí mi, ó ní mò ń kérora. Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Báyọ̀, ṣùgbọ́n látàárọ̀ ni mo ti ń bínú sí i.