Ohùn Kan Ṣoṣo

Ní ilé-ìwé ìjọ tó wà l'Ọ̀kà, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ fi ń kàwé. Bí Tísà Rufus bá ti fi pàṣán kan pátákó báyìí, "A, B, D" yóò ta láti ẹnu wọn dé orí òkè, àwọn ìyá wọn lóko yóò sì máa yangàn pé ọmọ àwọn ti di ọ̀mọ̀wé. Rufus náà ń yangàn, títí di ọjọ́ tó ní kí Ládélé nìkan kà. Ọmọ náà dorí ìwé kodò, ó sì kà á tán láìṣi ẹyọ kan.

Àyà Rufus já. Pásítọ̀ ti kìlọ̀ pé òyìnbó olùbẹ̀wò ń bọ̀, bí kò bá sì rí ẹ̀kọ́ tó yanrantí, wọn yóò ti ilé-ìwé náà pa. Rufus fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbàgbé ọkọ́.

Ọjà Ìkàrẹ́ ló ń lọ tó gba iwájú ilé-kéú Alùfáà Tìjání kọjá. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń fi ariwo ibẹ̀ rín, nítorí kò sí ọmọ méjì tó ń ké ohun kan náà. Lọ́jọ́ yìí ó dúró wò wọ́n. Olúkúlùkù ló gbé wàláà tirẹ̀, pákó tí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, lé orúnkún. Ẹni tó dé lánàá ń fi ìka tọ àlíífù, ẹni tó ti pẹ́ ti jìnnà. Ẹni tó bá mọ tirẹ̀ dájú nìkan ni Alùfáà ń jẹ́ kó fọ wàláà kó gba òmíràn.

Rufus béèrè lọ́wọ́ Alùfáà bóyá ariwo náà kì í dà á láàmú.

"Tísà, ìka ò dọ́gba," ni Alùfáà dáhùn. "Ṣé òrùka kan náà ni ẹ ń fi sí gbogbo wọn?"

Rufus délé, ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé pákó pẹlẹbẹ fún òun, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ibi tó ti kọ́ ọgbọ́n náà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní orí òun ló ti jáde, ìjọ sì yin Olúwa. Ládélé padà sí "ba, be, bi". Àwọn tó ń sọ èdè mìíràn nílé bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Mọ́júbọ́lá, ọmọbìnrin kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀, dé inú Sáàmù. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, Ládélé ti lè ka orúkọ bàbá rẹ̀, inú Rufus sì dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ni òyìnbó bá dé. Láti ẹnu ọ̀nà tó ti gbọ́ ariwo wọn ló ti fajú ro, ó ní ọjà lèyí, kì í ṣe ilé-ìwé. Rufus bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ túmọ̀ èsì òyìnbó náà: kò sí àyè, wọ́n ń retí òun l'Ógbàgì.

Rufus mú pàṣán, ó kan pátákó.

"A, B, D," ni gbogbo wọn ké. Sáàmù wà níwájú Mọ́júbọ́lá, "A, B, D" wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára Rufus. Ojú ti Rufus gidigidi.

Òyìnbó ṣí fìlà. Ó ní òun kò tíì rí irú ẹ̀kọ́ báyìí ní gbogbo Àkókó. Wọn kò ti ilé-ìwé pa mọ́. Wọ́n ní kí Rufus lọ sí Ìkàrẹ́ lọ kọ́ àwọn tísà yòókù ní ọ̀nà rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa wá gbapò rẹ̀ l'Ọ̀kà.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Mọ́júbọ́lá gbé pákó rẹ̀ wá. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́.

"Tísà, mo ti mọ tòní. Ta ni yóò kọ tọ̀la fún mi?"

Rufus gba èédú. Ó kọ ojú pákó náà kún, ó yí i padà, ó ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn aláàárù ti gbẹ́rù rẹ̀, wọ́n ń pè é.