Ìbéèrè Kan Nípa Ṣítù Àkànó

Ó ti rẹ Múdàṣírù Àjàní kó tó di aṣòfin. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Sokodé, títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Àwọn ará Kambolé, níbi tí wọ́n bí i sí, kò sì yé pè é ní Mẹ́tìrì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ ní ilé ìwé Faransé. Láti ọdún 1967 ni Ààrẹ kan ṣoṣo ti jókòó lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n wá gbà pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú ju ẹyọ kan lọ, wọ́n dìbò fún Múdàṣírù, ó dé Lomé, olú ìlú wọn, àwọn aṣòfin alátakò sì fi í ṣe olórí wọn. Ìgbà mọ́kànlá ló ti dìde nílé aṣòfin láti bi olórí ìjọba ní ìbéèrè. Ìgbà mọ́kànlá náà ni wọ́n sọ fún un pé ìjọba ń wo ọ̀rọ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, Jàríátù, opó kan tó ń gbin iṣu ní Kambolé, wá bá a nílé rẹ̀ ní Sokodé. Orí àpò àgbàdo nínú ọkọ̀ akẹ́rù ló jókòó sí dé Tchamba, ibẹ̀ ló sì sùn nítorí pé ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣítù ọmọ rẹ̀ ń fi alùpùpù gbé èrò ní Sokodé. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó gbé ọkùnrin kan lọ́jà, ẹni tó ń lọ sí Tchamba. Níbi tí àwọn sójà ti ń yẹ ẹrù wò lójú ọ̀nà, wọ́n bá ìwé ẹgbẹ́ alátakò nínú àpò ọkùnrin náà. Wọ́n mú ẹni tó ni àpò, wọ́n mú ẹni tó gbé e, wọ́n sì ju alùpùpù sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ibẹ̀ rí gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Jàríátù ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti dé ọ́fíìsì, ó ti dúró lẹ́nu géètì bárékè àwọn sójà nígbà méje. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Múdàṣírù ní òun á béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́. Ìbéèrè kan péré ni olórí alátakò ní lóṣù, wọ́n sì ti pinnu pé ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n máa fi ti oṣù yẹn ṣe. Àlíù, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, sọ fún un pé àwọn tí wọ́n ti gbé lọ báyìí pọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ti ọmọ ìlú rẹ̀ ló ká a lára.

"A ti béèrè nípa gbogbo wọn lápapọ̀," ni Múdàṣírù dá a lóhùn, "wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ẹnì kan, ká wo bí wọ́n ṣe máa sọ pé òun náà ò sí."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dìde. Olórí ìjọba jókòó níwájú, ó fi ọwọ́ lé àwọn ìwé rẹ̀. Òun kọ́ ni Ààrẹ; Ààrẹ ló yàn án, Ààrẹ ló sì ni sójà. Òun àti Múdàṣírù ti jọ jẹ́ olùkọ́ ní Sokodé nígbà èwe wọn, yàrá kan náà ni wọ́n gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Wọn ò wo ojú ara wọn.

Múdàṣírù sọ ọjọ́ tí wọ́n mú Ṣítù Àkànó, ó sọ ibi tí wọ́n ti mú un, ó béèrè ibi tó wà. Olórí ìjọba ka èsì tí wọ́n ti kọ fún un. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n kankan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin láti wá iṣẹ́, ọ̀nà Kambolé sì ni wọ́n ń gbà. Ó yẹ kí aṣòfin mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti sọ ohun tó wà nínú ìwé," ni Múdàṣírù wí. "Èmi ò béèrè ìwé. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti béèrè Ṣítù Àkànó lọ́wọ́ àwọn sójà?"

Ọkùnrin náà yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí òdìkejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní òun ti dáhùn, alága sì pe ọ̀rọ̀ tó kàn.

Lẹ́yìn ìjókòó, olórí ìjọba bá Múdàṣírù lójú ọ̀nà tó lọ sí àgbàlá. Kò sọ Faransé mọ́. Èdè Tem ti Sokodé ló fi bá a sọ̀rọ̀, bíi ti àtijọ́.

"Mo béèrè," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí mo bi bi mí pé ṣé ipò tí mo wà ti sú mi ni."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Wọn ò sọ fún mi. Èmi kọ́ ni wọ́n ń sọ nǹkan fún, Múdàṣírù."

Múdàṣírù fẹ́ bínú, kò rí agbára rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá mú olórí ìjọba lọ sínú ọkọ̀.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí Múdàṣírù tó dé Kambolé. Rédíò ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọn ò gbé ìbéèrè rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, èsì nìkan ni wọ́n gbé. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé ìjọba ti ní Ṣítù wà ní Benin. Àwọn èèyàn ń bá Jàríátù yọ̀. Dáúdà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti kọjá ààlà lọ wá ọmọ náà káàkiri ọjà, Fàúsátù ìyàwó Ṣítù sì ti di ẹrù òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Múdàṣírù jókòó sórí ẹní nílé Jàríátù. Ìbá rọrùn fún un láti dákẹ́. Ó wo ẹrù tí Fàúsátù dì, ó sì sọ ohun gbogbo fún wọn bó ṣe rí: pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Ṣítù wà ní Benin, pé olórí ìjọba gan-an ò mọ ibi tó wà. Fàúsátù gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, kò jáde mọ́.

Jàríátù ò sunkún. Ó ní òun mọ̀. Ọmọ òun kì í rìnrìn àjò láìwá tọrọ àdúrà. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Mẹ́tìrì dárúkọ Ṣítù.

"Mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Gbogbo wọn gbọ́?"

"Gbogbo wọn gbọ́, ìyá."

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n gúnyán."

Oorun gbé Múdàṣírù lọ lórí ẹní kí omi iṣu tó hó. Nígbà tó jí, wọ́n ti ń pe ìrun alásàárì, iyán ti tutù nínú àwo tí wọ́n fi dé e.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ààrẹ yọ olórí ìjọba náà, ó fi ẹlòmíràn sípò. Múdàṣírù dìde, ó béèrè nípa Ṣítù Àkànó. Ẹni tuntun náà ka ìwé kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó béèrè lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì tún béèrè. Ó sú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi Àlíù rọ́pò rẹ̀. Kò bá wọn jà. Aṣòfin lásán lè kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ìjọba, nítorí náà, ó ń kọ ọ́.

Ṣítù ò wálé. Fàúsátù padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Bago. Jàríátù ṣì ń gbin iṣu, ó sì máa ń wá sí Sokodé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò bi Múdàṣírù ní èsì tí wọ́n fún un mọ́. Ọjọ́ tó tún máa béèrè ló máa ń bi í. Tó bá sọ ọ́ fún un, á dúpẹ́, á so gèlè rẹ̀ le, á sì gba ọ̀nà bárékè lọ láti tún dúró lẹ́nu géètì kó tó wá ọkọ̀ Tchamba.