Iṣẹ́ Abọ́dúndé

Nínú ilé Alfa Jàfárù ní Sabon Zongo, ní Accra, bí fìlà bá wọ́ lórí ènìyàn, wọ́n á ní ó wọ́ bí iṣẹ́ Abọ́dúndé. Bí ọmọ iléèwé bá fa ìlà tí ìlà náà yà sígbó, iṣẹ́ Abọ́dúndé ni. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, èyí tí bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Abọ́dúndé gbé kalẹ̀ lọ́dún 1969. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iyàrá náà dọ́gba, ṣùgbọ́n tọ́ílẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń bínú. Olútáyọ̀, ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ga fíofío. Orúnkún rẹ̀ a máa gbá ògiri títí yóò fi ṣe tán.

Mùsbáù ni ọmọ Abọ́dúndé. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìjọba ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Símẹ́ǹtì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ ni, nígbà tí Abọ́dúndé àti Alfa Jàfárù onílé jọ wọ lọ́rì kan náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì kú sí. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ló padà wá sí Accra. Abọ́dúndé kò fi fọ́tò sílẹ̀, kò fi ìwé sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn nìkan ni ogún tí ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ẹ ò wá rí i pé kò yani lẹ́nu bí Mùsbáù ṣe di pulọ́ńbà tó ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lu ìṣó kan. Ní Ashaiman tó ń gbé, àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti le jù. Wọn ò mọ ohun tó ń sá fún.

Nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà sán, Hájíà Ìsìlàmíyátù, ọmọ Alfa Jàfárù, tó ni ilé báyìí, ránṣẹ́ pè é pé kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Inú Mùsbáù dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ènìyàn dùn sí ṣáláńgá lọ. Hájíà ti ra tuntun ní Dansoman, funfun báláú. Ó ní kó bá òun gbé e dọ́gba, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn lè kúrò nílẹ̀. Mùsbáù dáhùn pé ohun tí òun bá wá gan-an nìyẹn. Ó ta okùn láti ògiri ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí ọjọ́ náà tó ṣú, òun yóò ti pa ìtìjú bàbá òun rẹ́.

Ó wá fi òòlù fọ́ símẹ́ǹtì ẹsẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Símẹ́ǹtì náà le koko; ẹni tó pò ó kò ṣahun. Nígbà tó gbé e kúrò tán, ó da omi sílẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀.

Ìlà méjì ló jáde lábẹ́ ìdọ̀tí, tí wọ́n ti fi ìṣó fà nígbà tí símẹ́ǹtì ṣì tutù. Èkíní lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà. Èkejì yà kúrò lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe yà. Ẹ̀gbẹ́ ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí, ó sì kà á: "Gábàsì nìyí. Abọ́dúndé ló wọ̀n ọ́n."

Mùsbáù dìde. Ó wọ pálọ̀ lọ, níbi tí ẹní ìkírun Hájíà máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó dúró lórí rẹ̀, ó wo ibi tó kọjú sí, ó sì padà wá wo ìlà náà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n kọjú sí. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀, tó fi gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ fà, orí ìlà gábàsì gan-an ló bọ́ sí.

Ọmọ ilé kéwú wo ni kò mọ̀ pé a kì í kọjú sí gábàsì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí a kì í sì í kẹ́yìn sí i? Bó bá gbé e dọ́gba bó ṣe fẹ́, ibi tí Hájíà ń kọjú sí kírun ni ìbá máa kọjú sí nínú ṣáláńgá lójoojúmọ́. Bíríkìlà tí kò ní fóònù tí yóò fi wá gábàsì, tó jẹ́ pé igi àti òjìji oòrùn ló ní, ti rí i. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Àwọn ará ilé yìí kúkú jókòó lé e fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, wọn ò rí i.

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kó tó rí ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, ẹ̀rù rere sì bà á débi pé kò lè tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó pe Hájíà. Hájíà fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá, Mùsbáù ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí, ó sì nawọ́ sí pálọ̀. Obìnrin náà wo ilẹ̀ títí. Ó fa bókẹ́ẹ̀tì kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó.

"A ń fi í rẹ́rìn-ín, òun sì ń dáàbò bò wá," ó ní. "Àwa la wọ́, Mùsbáù."

Mùsbáù fi aṣọ tútù nu ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrò. Ó gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun sórí ìlà kejì, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ́ kí símẹ́ǹtì kan ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ tuntun bò ó bí bàbá rẹ̀ ti bò ó.

Nírọ̀lẹ́, Olútáyọ̀ dé láti báńkì, ó yọjú wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Hájíà, ó mà tún wọ́."

Hájíà ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ó da omi sí ẹsẹ̀ kan, ó da sí ìkejì, kó tó dá a lóhùn.

"Iṣẹ́ Abọ́dúndé ni," ó ní.

Mùsbáù wà níbi tó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sorí kọ́.