Igi Àgbọn Síkírù

Àáké kò tíì kan igi náà rárá tí Ìdíátù fi sáré dé, ó sì fọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Ìborùn rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Àwọn lébìrà mẹ́rin dúró, wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"Ẹ ò ní gé ọmọ mi!"

Ọ̀jẹ̀túndé, ọ̀gá wọn, wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò rí ọmọ kankan. Igi àgbọn ló rí, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì wà ní àárín gbùngbùn ibi tí ìjọba ní kí títì tuntun gbà wọ Sùúrùlérè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, igi lèyí."

Ta ló ń sọ̀rọ̀ igi? Ọjọ́ tí ìwọ́ Síkírù, ọmọ Ìdíátù, já ni ìyá ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó rì í síbẹ̀, ó sì gbin àgbọn lé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń dàgbà. Nígbà tí Síkírù bá ọkọ̀ òkun lọ láti Àpápá, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé láti ìlú òyìnbó. Ó di ọdún mẹ́ta, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó kàn gbé àpótí ìjókòó sídìí àgbọn ni, ó ń kí i láràárọ̀ pé ṣé ó jí ire. Bí imọ̀ rẹ̀ bá rọ, a jẹ́ pé Síkírù kò jẹun yó nìyẹn, á yáa lọ bu omi. Bó bá yọ imọ̀ tuntun, á fi àkàrà ṣe sààrà fún àwọn ọmọdé. Àwọn ará ilé ń fi í rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ! Ẹni tí kò mọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná," ni Ìdíátù wí.

Ọ̀jẹ̀túndé náà lọ́mọ nílé. Ó ní kí àwọn lébìrà lọ jókòó.

Ìdíátù fẹnu mọ́ èèpo igi. "Síkírù, wọ́n ti dé o. Èmi ò lágbára ìjọba. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ó fetí lé igi náà, ó ń retí. Òun fúnra rẹ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ dáhùn bó ṣe máa ń ṣe: "Ìyá mi, ẹ má ṣèyọnu, ara mi le." Ọ̀rọ̀ náà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́, ohùn arúgbó tó há. Ó wá ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó wá a títí, kò rí i. Ìgbà wo ló ti sọnù? Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ọwọ́ rẹ̀ tú lára igi. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Èyí tí kò burú rárá ni Ìdíátù fi sílẹ̀ fún àáké. Nígbà tí igi ṣubú, ilẹ̀ mì tìtì, àwọn adìẹ fò. Ó tẹ́tí bóyá òun á gbọ́ igbe. Kò gbọ́.

Ọ̀jẹ̀túndé bu omi fún un, ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun. Ọmọ yín yẹn, ibo ló wà gan-an, ká lè bá yín kọ̀wé sí i?"

Láti ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá bi í bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kì í wọ́n ọn: Síkírù ń bẹ, ara rẹ̀ le, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so ni. Ó lanu. Ó wo òkè, ojú ọ̀run lásán ló kù níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Ó tún un wí, kí òun náà lè gbọ́ ọ: "Mi ò mọ ibi tí ọmọ mi wà."