Ọfà tí Ìyá Mi Rán Bí Aṣọ

"Màámi, okùn máòsì lẹ gé yìí o!"

Ìyá mi wo àlùmọ́gàjí ọwọ́ wọn. Aránṣọ ni wọ́n. Ohunkóhun tó bá ti jọ òwú lórí tábìlì, gígé ni.

"Ta ló ní kó dúdú bí òwú mi?"

Aago méjìlá ni ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìyá mi fẹ́ wọ̀ máa ti fọ́ọ̀mù orí ayélujára wọn pa, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti kọ ọ́ tán, bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ nìkan ló kù. Linux ni kọ̀ǹpútà wa ń lò dípò Windows. Mo fi kíbọ́ọ̀dù wá ètò tó ń jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún rẹ̀ máa darí ọfà máòsì lójú kọ̀ǹpútà, mo sì tan án.

"Ẹ̀jọ lọ sókè, èjì wá sílẹ̀, ẹ̀rin sósì, ẹ̀fà sọ́tùn-ún. Àrún la fi ń tẹ nǹkan," ni mo ṣàlàyé fún wọn.

Mo di ẹ̀fà mú. Ọfà náà rọra gbéra, ó wá sáré kọjá bọ́tìnnì. Mo dá a padà, ó tún kọjá.

"Gbogbo ìwé ìtàn tí ò ń yá kà yẹn, wọn ò kọ èyí síbẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Dìde, ọ̀mọ̀wé."

Wọ́n jókòó. Wọn ò di nọ́ńbà mú rárá. Ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rán ọrùn aṣọ, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń tẹ afẹ́fẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ọfà dúró sórí bọ́tìnnì gẹ́ẹ́. Wọ́n tẹ àrún. Fọ́ọ̀mù lọ.

Inú wọn dùn, wọ́n na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí. Mo yára fi ara bo okùn kíbọ́ọ̀dù.