Ẹ̀bi Tí Wọ́n Dì Ru Eruku

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà ni àbúrò kò ti fi omi ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ẹnu mọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ni, èémí rẹ̀ kò sì lágbára láti kékeré. Lọ́jọ́ tó kú, eruku rọ́ wọ ìlú láti òdì kejì ààlà bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ojú ọ̀run pọ́n bí irin tó dípẹtà. Nígbà tí ẹbí pé jọ, wọ́n bá fèrèsé yàrá ọmọ ní ṣíṣí gbayawu. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní eruku orílẹ̀-èdè kejì ló pa ọmọ, ìyá tí kò lè ti fèrèsé ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyàwó àbúrò, ìyá ọmọ náà, ní òun tì í. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ìgbà náà, bí aláboyún bá rí i lójú pópó, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ajórin ni àbúrò. Kògbàgbé ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ yóò ṣì sọ àwọ̀ ṣòkòtò tí olúwarẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà fún un. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ iléru níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ òpó gíga. Àfi tó bá ń fẹ́ sọ́nà ààlà ni kí wọ́n dáná, kí èéfín lè lọ bá àwọn aládùúgbò. "Wọ́n ń fi eruku kí wa, àwa náà ń kí wọn padà," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Lásìkò eruku, ọ̀dọ̀ wa ni aṣọ náà máa ń fẹ́ sí, nítorí náà iléru gbọ́dọ̀ tutù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ kú, Kògbàgbé gbóòórùn bátìrì sísun nínú eruku. Ó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú.

Lọ́dún yìí, eruku tó dé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tan iná mọ́tò lọ́sàn-án. Iléru ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbọ́n tán. Ọsibítù kún, ọ́síjìn ibẹ̀ ti tán, rọ́bà imú nìkan ni wọ́n rí fún un lọ sílé. Ni ìyàwó rẹ̀ bá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ajórin.

Kògbàgbé kò jiyàn. Ó ti sílíńdà ọ́síjìn tó fi ń gé irin dé pálọ̀ ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tirẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó so rọ́bà mọ́ ọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ki sípánà tí wọ́n fi ń ṣí i bọ àpò.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ ṣí i," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wí.

"Màá ṣí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó pa ọmọ mi."

Èjìká ẹ̀gbọ́n ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Ètè rẹ̀ ti dúdú. "O fẹ́... pa mí?"

"Ká má rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Eruku ló fẹ́ pa yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó máa ń pààyàn."

"Ọmọ àlè!"

"Ẹ rọra o. Bàbá kan náà ló bí wa."

Ìyàwó Kògbàgbé fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ ṣí i fún wọn. Èmi ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ fún Ọlọ́run."

"Èmi ò tíì fi í fún ẹnì kankan." Ó ń gbọ́ bí àyà ẹ̀gbọ́n ṣe ń súfèé. Ó dùn mọ́ ọn, kò sì tijú.

"Eruku ni," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Kògbàgbé yọ rọ́bà, ó tẹ sílíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ sẹ́nu ọ̀nà. Irin ń han lórí sìmẹ́ǹtì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wó lulẹ̀, ó di orókùn ọkọ rẹ̀ mú.

"Ẹ sọ ọ́! Ohun tí ẹ ń sọ lójú oorun láti ọdún tí ọmọ ti kú, ẹ sọ ọ́ fún wọn!"

Ìyàwó Kògbàgbé yíjú sí obìnrin náà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin náà mọ̀? Tẹ́ ẹ sì ń bá wọn yà fún mi lójú pópó?"

Kògbàgbé ti mú sípánà jáde, ó ti ń dá rọ́bà padà. Ìyàwó rẹ̀ gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ má tíì ṣí i," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ojú ẹ̀gbọ́n. "Ẹ máa wí, bàbá. Mò ń gbọ́."

Omi ń bọ́ lójú ọkùnrin náà. "Aṣọ náà... ń fẹ́ sílé. Mo rí i. Mo dáná... torí mo mọ̀ pé eruku ni wọ́n máa dá lẹ́bi."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"O tì í." Ó wá èémí, kò rí i, ó tún wá a. "Èmi ni mo ṣí i... kí ẹbí tó wọlé."